"Wọ́n ní" kì í ṣe ẹ̀rí: báwo la ṣe ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóṣèlú tó wà láàyè, tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí?

Ọmọ_Ìlọrin_Kubwa:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ àyọkà kan lórí Wikipédíà Yorùbá ni mo gbé wá. Olóṣèlú ni ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀, Abuja ló ń gbé, ó wà láàyè. N kò ní dárúkọ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú. Ojú ewé náà tó ọ̀rọ̀ 900, àmọ́ 600 nínú rẹ̀ ló wà lábẹ́ àkòrí "Àríyànjiyàn". Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ipò tó dì mú, àbá òfin tó gbé wá, gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́jọ lọ.

Ohun tó gbé "Àríyànjiyàn" náà ró rèé: ìwé ìròyìn mẹ́fà (àwọn kan ní EFCC pè é, àwọn kan ní wọ́n ti gbé e dé kóòtù), búlọ́ọ̀gù mẹ́ta tó ní "ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́", fídíò YouTube kan, àti fọ́tò ìwé ìpẹ̀jọ́ tó ń rìn kiri lórí WhatsApp. Ọdún ìbí rẹ̀ méjì ló wà níta, 1958 àti 1961. Ẹnìkan tó ní òun ń bá a ṣiṣẹ́ wọlé lánàá, ó pa gbogbo "Àríyànjiyàn" rẹ́, ó fi àmì ẹ̀yẹ mọ́kànlá rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹlòmíì dá a padà.

Kí ló yẹ kó dúró, kí ló yẹ kó lọ, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Alákọsílẹ̀_Jos:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Má tíì tún nǹkan kan kọ. Yọ nǹkan ná. Gbólóhùn èyíkéyìí tó lè ba ẹni jẹ́, tí kò ní ìtọ́kasí, tàbí tó jẹ́ búlọ́ọ̀gù nìkan ló gbé e dúró, pa á rẹ́ lónìí, kí o tó dá ìjíròrò kankan sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àyọkà nípa ìlú tàbí oúnjẹ ni, a lè fi àmì "ẹ̀rí dà?" sí i, kí a máa retí ẹni tó máa mú un wá. Ti ẹni tó wà láàyè kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì wà tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnìkan kọ ọ́ sínú àyọkà John Seigenthaler, àgbà oníròyìn kan ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n ti fura sí i rí pé ó lọ́wọ́ nínú ikú John Kennedy àti ti Robert àbúrò rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Baba náà fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú USA Today ní ìparí oṣù kọkànlá, kí ọdún yẹn sì tó parí ni Wikipédíà Gẹ̀ẹ́sì ti gbé òfin àkànṣe lórí àwọn tó wà láàyè kalẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ìgbìmọ̀ àwọn alámòójútó Wikimedia, àjọ tó ń bójú tó Wikipédíà, rọ gbogbo èdè pé kí wọ́n ṣe bákan náà, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òfin òyìnbó ni, kò kan Yorùbá.

Lábẹ́ òfin ti Wikipédíà Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá dá àtúnṣe ẹlòmíì padà ju ìgbà mẹ́ta lọ láàárín wákàtí 24 lè rí ìdènà. Wọn kì í ka yíyọ irú ọ̀rọ̀ báyìí mọ́ ọn, bó bá hàn kedere pé kò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn ṣe agbára. Tí iyàn bá lè wà lórí rẹ̀, gbé e lọ sí ojú ewé Ọ̀rọ̀, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń jíròrò lórí àyọkà.

Wàyí o, ìwé ìròyìn mẹ́fà tí o kà yẹn, tún un kà. Ṣí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí o wo ìpínrọ̀ kejì àti ìparí wọn. Bí o bá rí "NAN" níbẹ̀, iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ló kọ ọ́, àwọn yòókù kàn tẹ̀ ẹ́ jáde ni. Ẹ̀rí ẹyọ kan ni gbogbo wọn. Bákan náà ni bí gbólóhùn wọn bá jọra láti orí dé ìdí: àtẹ̀jáde agbẹnusọ EFCC ni wọ́n dà kọ. Oníròyìn tó jókòó ní kóòtù yóò sọ orúkọ adájọ́, iye ẹ̀sùn, ohun tí olùjẹ́jọ́ fèsì, àti ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Ìròyìn tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹ̀dà ẹ̀dà ni. Ẹ̀sùn ńlá sí ẹni tí ayé mọ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ kan: ó kéré tán, orísun méjì tí kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn.

Ìṣòro kan tún wà tó ń tan àwọn tó gbọ́n pàápàá. Nígbà míì, inú Wikipédíà ni ìwé ìròyìn ti mú ọ̀rọ̀ náà, ẹlòmíì á wá fi ìwé ìròyìn ọ̀hún ṣe ẹ̀rí fún Wikipédíà. Ejò ń gbé ìrù ara rẹ̀ mì. Tẹ "Wo ìtàn", níbi tí àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe àyọkà wà, wá ọjọ́ tí gbólóhùn náà kọ́kọ́ wọlé, kí o fi wé ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde. Bí Wikipédíà bá ṣáájú, ẹ̀rí yẹn kò ṣeé lò.

Ní ti fídíò, YouTube kì í ṣe orísun, ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí ni. Ta ló gbé e síbẹ̀? Bó bá jẹ́ Channels tàbí NTA, ìròyìn wọn ni ò ń tọ́ka sí, kí o kọ ọjọ́ àti ìṣẹ́jú tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ ẹnìkan tó jókòó síwájú fóònù rẹ̀ tó ń sọ tẹnu rẹ̀, jù ú nù, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Búlọ́ọ̀gù náà ńkọ́? Bákan náà, àfi èyí tí olóṣèlú yẹn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀, ìyẹn náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìyìn tàbí ẹ̀sùn sí ẹlòmíì.

Lọ́yà_Wuse:

Ẹ̀gbọ́n Jos ti sọ tiwọn lórí ẹ̀rí. Ibi tí ẹjọ́ dé ni mo fẹ́ kí ẹ wò, torí ibẹ̀ ni ìdajì àwọn àyọkà yìí ti ń ṣìnà.

Kí EFCC pe ènìyàn kò túmọ̀ sí nǹkan kan ju ìpè lọ. Ẹlẹ́rìí pàápàá, wọ́n ń pè é wá sí Jabi. Kí wọ́n mú ènìyàn tún yàtọ̀. Béèlì tí EFCC fúnra rẹ̀ fúnni yàtọ̀ sí ti kóòtù, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìdásílẹ̀ nínú méjèèjì. Kí wọ́n fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ ní kóòtù kì í ṣe kí wọ́n gbé e dúró níwájú adájọ́: oṣù bíi mélòó kan lè wà láàárín wọn, ẹ̀sùn náà sì lè yí padà kí wọ́n tó kà á sí i létí. Fún ìdí yìí, fọ́tò WhatsApp yẹn kò wúlò. A kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n padà lò, a kò mọ̀ bóyá ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Kódà bó bá jẹ́ ojúlówó, ìwé kóòtù kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé àyọkà ń tú fúnra rẹ̀. Dúró de oníròyìn tó mọ ẹjọ́ kà.

Abala 36(5) ìwé òfin ọdún 1999 ní aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí tí ẹ̀rí yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Níparí ẹjọ́, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò. Bí adájọ́ bá fagi lé ẹjọ́ nítorí àṣìṣe inú ìwé tàbí torí olùpẹ̀jọ́ kò yọjú, EFCC ṣì lè padà wá. "Dá a sílẹ̀" nìkan kò tó "dá a sílẹ̀, ó sì dá a láre".

Ẹ wo Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2019, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 12 ní Èkó. Ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìdájọ́ yẹn kò dúró, nítorí adájọ́ tó dá a ti gba ìgbéga lọ sí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kó tó parí ẹjọ́ náà, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ẹjọ́ ṣe. Ní ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Abuja ní EFCC kò gbọdọ̀ tún un ṣe mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé wọ́n dá a láre ní ọdún 2020 ṣìnà. Ẹni tó bá ṣì ń pè é ní ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi náà ṣìnà. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdí.

Tàbí Jolly Nyame tó ṣe gómìnà Taraba láti 1999 sí 2007. Ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2018, kóòtù Gudu níbí rán an lẹ́wọ̀n ọdún 14. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí 12 ní oṣù kọkànlá. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí 12 náà ní oṣù kejì ọdún 2020. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí ìdáríjì ààrẹ fún un, ó sì jáde ní oṣù kẹjọ. Àyọkà tó bá dúró sórí "ọdún 14" ti purọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó fo ẹ̀wọ̀n tó sáré lọ sórí ìdáríjì.

Fún tìrẹ, àbúrò, níwọ̀n ìgbà tí kóòtù kò tíì dá a lẹ́bi, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o yọ gbogbo ẹ̀sùn náà kúrò. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja níbí, ka ìbanilórúkọjẹ́ sí ọ̀ràn, abala 24 òfin Cybercrimes (ìwà ọ̀daràn orí ayélujára) ti ọdún 2015 náà sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dín in kù ní ọdún 2024.

Alákọsílẹ̀_Jos:

Lọ́yà, ibẹ̀ yẹn ni n kò ti bá yín lọ. Bó bá jẹ́ aláṣọ kan ní ọjà Wuse ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ jàre, kò yẹ kó wọlé rárá kí kóòtù tó dájọ́. Àmọ́ sẹ́nétọ̀ tí ìwé ìròyìn ńláńlá ti kọ nípa ìpẹ̀jọ́ rẹ̀, tí adájọ́ ti ka ẹ̀sùn sí létí ní gbangba? Bí a bá yọ ọ́, a ti gbè sẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. A ó kọ ọ́, ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, pẹ̀lú èsì tó fún kóòtù. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí kò bá sí èsì rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀sùn náà kò tíì yẹ ní kíkọ.

Bí ìròyìn tí kò ní ẹsẹ̀ ṣe lè wọlé láìba ẹnikẹ́ni jẹ́, ẹ rántí ti "Jibril ará Sudan" nígbà ayé Ààrẹ Buhari. Àhesọ tó ní kì í ṣe òun ló wà ní Aso Rock kò yẹ ní gbólóhùn kan nígbà tó wà lórí Facebook nìkan. Nígbà tí ààrẹ fúnra rẹ̀ fèsì sí i ní ilẹ̀ Pólàńdì ní oṣù kejìlá ọdún 2018, tí ìwé ìròyìn káàkiri ayé sì gbé e, ó di ohun tí a lè kọ: pé àhesọ wà, pé irọ́ ni, pé ó fèsì. Gbólóhùn méjì tó.

Ikú ńkọ́? Òun ló yá jù lọ láti ṣìṣe lórí rẹ̀. Ní ọdún 1989, ariwo ikú Nnamdi Azikiwe gba ìwé ìròyìn kan nígbà tí baba ṣì wà láàyè. Ọdún 1996 ló tó kú. Títí tí ẹbí tàbí ìjọba yóò fi sọ̀rọ̀, má fọwọ́ kan "ni" láti sọ ọ́ di "jẹ́ nígbà ayé rẹ̀".

Lọ́yà_Wuse:

Mo gbà lórí sẹ́nétọ̀. N kò gbà lórí ẹnikẹ́ni tí kò di ipò mú, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ náà pẹ̀lú. Orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà kò níbẹ̀ í ṣe.

Ìyá_Ìbejì_Lugbe:

Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sórí èdè, torí ẹ̀rí lè pé kí Yorùbá tí a fi kọ ọ́ sì ti dá onítọ̀hún lẹ́bi.

"Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́." Nínú èdè wa, ọwọ́ kì í tẹ aláìṣẹ̀. "Àṣírí tú": kí àṣírí tó tú, ó ti gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ tẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi", ìyẹn tiẹ̀ burú jáì. Orí ìwé ìròyìn lè gbà wọ́n, wọ́n ń wá ẹni tó máa rà á. Àyọkà kò gbà wọ́n. "EFCC mú un ní ọjọ́ báyìí" ti tó.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó ń so gbólóhùn pọ̀. "Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù nítorí pé ó kó owó jẹ" ti parí ẹjọ́. "Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù fún owó tó kó jẹ", bákan náà ni. "EFCC gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé ó kó owó jẹ" ló tọ́. Kí ẹ pè é ní olùjẹ́jọ́, ẹ má pè é ní ọ̀daràn. Afurasí ni kí kóòtù tó ka ẹ̀sùn sí i. Bákan náà, "ó sẹ́ kanlẹ̀" ń rùn bíi pé ó ṣe é. "Ó ní òun kò jẹ̀bi" ni kí ẹ kọ.

"Wọ́n ní" ni àrùn tó pọ̀ jù. Ta ni "wọ́n"? EFCC? Alátakò rẹ̀ ní ìbò abẹ́lé? Ará àdúgbò? Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ fi orúkọ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ tí ẹ máa fi síbẹ̀, gbólóhùn yẹn kò ní ẹni tó ni ín, ẹ yọ ọ́.

Èyí tó kù, ojú kì í tètè rí i. Àyọkà yìí, mo lè fi owó lé e pé níbi tí wọ́n ti ń sọ ilé ẹ̀kọ́ àti oyè, "wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n di kọmíṣọ́nà" ni. Tó bá dé orí EFCC, ó di "ó gba owó, ó sá lọ". Ọ̀wọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láàárín méjì láìsí ẹni tó kéde. Ẹ lo "ó" láti òkè dé ilẹ̀, fún àgbà, fún ọmọdé, fún ọba. Ìwé ìmọ̀ ni, kì í ṣe ìkíni òwúrọ̀. Bí ẹ bá ti lo "wọ́n" fún un, ẹni tó ń kà á kò ní mọ̀ mọ́ bóyá òun ló gba owó ni tàbí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyìn náà ń ṣègbè o. "Gbajúgbajà", "akíkanjú", "àfẹ́rí aráàlú", ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Nínú àmì ẹ̀yẹ mọ́kànlá yẹn, èyí tí ìwé ìròyìn tí kò ní àjọṣe pẹ̀lú ẹni tó fún un tàbí ẹni tó gbà á bá ròyìn nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ọmọ_Ìlọrin_Kubwa:

Màmá, owó tí ẹ fi lé e, ẹ jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, "wọ́n" lókè, "ó" nísàlẹ̀.

Mo ti ka ìwé ìròyìn náà. Mẹ́rin jẹ́ NAN kan ṣoṣo. Àwọn méjì tó kù, oníròyìn wọn wà ní kóòtù, adájọ́ àti èsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí mẹ́ta ló kù. Ọdún ìbí àti ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Alákọsílẹ̀_Jos:

Bí ìwé méjì tó ṣeé gbọ́kàn lé bá ta kora lórí ọdún ìbí, má yan ọ̀kan. Kọ "1958 tàbí 1961", kí o fi ìtọ́kasí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má kọ ọjọ́ àti oṣù, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti kéde rẹ̀ tàbí tó ti kún inú ìwé ìròyìn. Ẹlòmíì á ní kí o lọ wo fọ́ọ̀mù EC9 tó fi sílẹ̀ fún INEC. Má ṣe bẹ́ẹ̀: ìwé ìbúra ni, ìsọfúnni ara ẹni ló kún inú rẹ̀. Èyí tí oníròyìn bá ti gbé jáde nínú rẹ̀ nìkan ni kí o lò.

Ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, má lé e. Kọ̀wé sí i lójú ewé Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kó sọ ẹni tó gbà á síṣẹ́, torí láti ọdún 2014 ni àdéhùn ìlò Wikimedia ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń gba owó. Kó dáwọ́ àtúnṣe nínú àyọkà dúró, kó máa kọ ohun tó fẹ́ síbi Ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: gbólóhùn tó wà, ohun tó ṣe é, gbólóhùn tó fẹ́, ẹ̀rí. Nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, dá a lóhùn kíákíá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú wọn máa ń tọ̀nà lórí nǹkan méjì nínú mẹ́wàá, a sì máa ń pàdánù méjèèjì torí inú ń bí wa sí mẹ́jọ yòókù.

Kí o tó sùn, kó gbogbo líńkì rẹ lọ sí web.archive.org, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé ayélujára, kí o tẹ "Save Page Now". Líńkì ìwé ìròyìn wa máa ń kú tí wọ́n bá ti tún ojúlé wọn ṣe. Bí iṣẹ́ tó ṣe láyé ológun bá wà nínú New Nigerian àtijọ́, kò nílò líńkì: orúkọ ìwé ìròyìn, àkòrí, ọjọ́, ojú ewé ti tó. Ẹni tó bá wà ní Kàdúná lè bá ọ wò ó ní Arewa House, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí.

Àkòrí "Àríyànjiyàn", tú u ká. Fi ẹjọ́ sábẹ́ ọdún tó ṣẹlẹ̀, láàárín iṣẹ́ òṣèlú rẹ̀. Àpótí tó ń jẹ́ "Àríyànjiyàn" dà bí ààtàn, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń da tirẹ̀ sí i.

Ọmọ_Ìlọrin_Kubwa:

Ẹ bá mi wo èyí, òun ni yóò rọ́pò ọ̀rọ̀ 600 náà:

"Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ EFCC gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Abuja lórí ẹ̀sùn mẹ́rin pé ó darí owó iṣẹ́ àkànṣe sí àpò iléeṣẹ́ aládàáni kan. Ó sọ fún kóòtù pé òun kò jẹ̀bi, adájọ́ sì fún un ní béèlì. Síbẹ̀, ó díje dupò ní ọdún 2023. Wọ́n sún ìgbẹ́jọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́yà_Wuse:

Ó dára. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" yóò ti kú kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Kọ "títí di oṣù báyìí, ọdún báyìí, kóòtù kò tíì dájọ́", kí o sì fi ìròyìn oṣù yẹn tì í.

Ìyá_Ìbejì_Lugbe:

Yọ "síbẹ̀". Ó ń sọ pé kò yẹ kó díje.

Lọ́yà_Wuse:

Òótọ́ ni. Ìdálẹ́bi ló lè dí ènìyàn lọ́wọ́ ìdíje nínú ìwé òfin wa, ẹ̀sùn lásán kọ́.

Ọmọ_Ìlọrin_Kubwa:

Mo ti yọ ọ́. Mo gbé gbólóhùn ìdíje lọ sábẹ́ "Ìdìbò 2023", mo sì ti ju àlàyé gbogbo ohun tí mo yọ sójú ewé Ọ̀rọ̀ kí ẹni tó dá a padà lánàá lè rí i.